Apá Òsì Ni Mo Fà Á Sí

"Apá òsì ni mo fà á sí."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń tẹnu Olóríkunkun jáde láti ọjọ́ tí àwọn òròmọdìẹ ti kú nìyẹn. Wọ́n bi í nínú ilé, ó sọ ọ́. Wọ́n bi í lójúde, ó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kó gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀, kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tún sọ ọ́, ó sì tún fi ọwọ́ gbá tábìlì lé e.

Olóríkunkun kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin náà nígbà tí wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó wà ní kékeré, lọ́jọ́ tó jókòó sábẹ́ tábìlì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé wọ́n ní òun ló fọ́ ife tí òun kò fọ́. Ológbò ló fọ́ ife náà. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n ní kó máa jáde bọ̀. Ó ní kí ológbò kọ́kọ́ wá bẹ òun ná. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní máa bi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ ẹbí ni wọ́n, ẹbí kì í sì í gbọ́n sí ara wọn.

Òun àti Ẹ̀gbọ́n ló jọ ni ilé ẹyin tí bàbá wọn fi sílẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ abo adìẹ, tí ẹyin ti ń di òròmọdìẹ. Ẹ̀gbọ́n ló ń mójú tó inú ilé. Ó ń gbá, ó ń nù, ó ń fọ̀. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ náà gba ìmọ́tótó, nítorí ìdọ̀tí tín-ń-tín lè ba odindi ẹ̀rọ ẹyin jẹ́, ṣùgbọ́n ti Ẹ̀gbọ́n ti kọjá ohun tí iṣẹ́ gbà. Obìnrin náà máa ń fọ ọṣẹ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: tí ọṣẹ bá dọ̀tí, ó máa ń fi ọṣẹ mìíràn fọ̀ ọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Ti Olóríkunkun ni ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ni, tí ara rẹ̀ ti rí jágajàga, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún bí ẹni tó yó. Bàbá wọn kan àpótí onígi ńlá kan sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn sí i, ó fi gíláàsì kékeré sí àárín àpótí àti ibi tí awakọ̀ wà, ó sì fa rọ́bà gbọọrọ kan láti iwájú wọ inú àpótí náà, kí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ lè máa dé ọ̀dọ̀ àwọn òròmọdìẹ. Ẹ̀dá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ò lágbára kankan. Òtútù lè pa á, ooru náà lè pa á.

Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n ọkọ̀ yẹn wà nínú ọ̀pá kékeré méjì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ti òkè ń sọ bóyá iwájú ni afẹ́fẹ́ máa lọ tàbí ẹ̀yìn. Ti ìsàlẹ̀ ni ọba wọn. Fà á sí òsì, éésì á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Fà á sí ọ̀tún, afẹ́fẹ́ á gba ibi omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì kọjá, á sì gbóná. Àwọ̀ búlúù àti pupa tí wọ́n fi sàmì sí i níbi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà ti pa rẹ́ tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wá a. Ọwọ́ kì í ṣi ẹnu nínú òkùnkùn, ọwọ́ Olóríkunkun kì í sì í ṣi ọ̀pá yẹn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, oòrùn ń jó ni. Bàbá Olóko, oníbàárà wọn láti ayé bàbá wọn, ló ń retí òròmọdìẹ. Olóríkunkun to àwọn páálí oníhò sínú àpótí, ó tan éésì, ó fa ọ̀pá ìsàlẹ̀ sí òsì, ó darí gbogbo afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ó ṣí fèrèsé tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń kọrin lọ. Nígbà tó dé oko tó ṣí ilẹ̀kùn àpótí, ooru ló kọ́kọ́ bá a lójú. Lẹ́yìn náà ló rí i pé kò sí ohùn kankan nínú páálí.

Bàbá Olóko yọjú wo inú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ṣé ẹ ti ń yan wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé wọn wá ni?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu ni. Olóríkunkun dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń sunkún. Kò fi ojú pamọ́.

Ohun tó tún wá dùn ún ju ìyẹn lọ ni ohun tó gbọ́ nígbà tó délé. Ẹ̀gbọ́n wà lórí fóònù pẹ̀lú Bàbá Olóko, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú, Bàbá. Àbúrò mi ló fà á sí ibi tí kò yẹ. Ọkọ̀ yẹn náà ti darúgbó. Kò ní wakọ̀ mọ́, mo ṣèlérí fún yín." Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, wọ́n ní. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kó tó dájọ́ tirẹ̀. Kò bi àbúrò rẹ̀ léèrè ohunkóhun.

Bí ìdájọ́ náà ṣe rí nìyí: Onírin, ọkùnrin tó ń ra ọkọ̀ àlòkù, tó ń gé wọn sí wẹ́wẹ́, á wá gbé píkọ́ọ̀pù. Ẹlòmíì tó ní ọkọ̀ tuntun á máa bá wọn gbé òròmọdìẹ. Olóríkunkun á wá máa jókòó nínú ilé ti ẹyin.

"Ara á tù ọ́," Ẹ̀gbọ́n sọ. "Oòrùn ò ní pa ọ́ mọ́. O kàn máa jókòó ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, adìẹ ló ń jókòó ti ẹyin."

"Ṣé mo ní kó o sàba ni? Mo ní kó o máa ṣà wọ́n, kó o máa yọ èyí tó bá sán."

"Ẹ máa ṣà á. Mi ò lọ síbì kankan. Apá òsì ni mo fà á sí."

"Wò ó, ìwọ ọmọ yìí. Tó bá jẹ́ òsì lo fà á sí lóòótọ́, kí ló pa wọ́n? Àjẹ́?"

Ìyẹn gan-an ló ń fọ́ Olóríkunkun lórí. Ó mọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe, ó sì mọ ohun tí ojú òun rí nínú àpótí, àwọn méjèèjì ò sì bára wọn mu. Ẹlòmíì á ti máa rò pé bóyá òun ṣìṣe lóòótọ́. Ó gbìyànjú láti rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kò ṣeé rò. Bí ẹni ní kó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí Onírin máa wá, Ẹ̀gbọ́n ń fọ àwọn àwo ẹ̀rọ lẹ́yìnkùlé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Olóríkunkun rìn kọjá níwájú rẹ̀, ó yọ ọ́.

"Mo mú un o," ó ní. "Ẹ ń wò mí. Ẹ má sọ pé mo jí i."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ bi ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yin ò bi èmi, ẹ ò sì bi òun."

"Onírin ti wà lọ́nà!"

"Kó máa bọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Ó kọ́kọ́ pe mẹkáníìkì lórí fóònù. Ọkùnrin yìí ló tú dáṣíbọ́ọ̀dù kalẹ̀ kó tó di pé ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí omi gbígbóná ń jò sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Ó pààrọ̀ ohun tó ń jò, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọ̀nà oko Bàbá Olóko ni ọkọ̀ náà kọ́kọ́ rìn lẹ́yìn ìyẹn. Olóríkunkun ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọkùnrin náà ti ń gbèjà ara rẹ̀.

"Ìyá, mo dán an wò lójú yín. Mo tan éésì, ẹ gbọ́wọ́ sí i. Ó tutù àbí kò tutù?"

"Ó tutù."

"Mo fà á lọ sọ́hùn-ún, mo fà á padà. Ó tutù àbí kò tutù?"

"Ó tutù."

"Ẹ̀hẹ́n-ẹ̀n. Kí lẹ tún wá fẹ́?"

Ọkùnrin náà pa fóònù. Olóríkunkun di tirẹ̀ mú, kò sọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti há sí i létí. Mẹkáníìkì fà á lọ sọ́hùn-ún, ó tutù, ó fà á padà, ó tutù. Báwo ni apá méjèèjì ṣe máa tutù? Níbo wá ni ooru lọ?

Ó wọ ọkọ̀, ó tan án. Kò sáré. Iṣẹ́ yìí ò fẹ́ ìkánjú, ẹni tó bá kánjú tú ọkọ̀ á kó irin tó ṣẹ́kù sínú àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ó yí fáànù láti orí èyí tó ń fẹ́ díẹ̀ dé èyí tó ń pariwo, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó darí afẹ́fẹ́ sí iwájú, ó wá síwájú. Ó darí rẹ̀ sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo inú àpótí, ó ń fẹ́ níbẹ̀ yẹ́ẹ́. Kò sóhun tó ṣe ìyẹn.

Ó padà, ó dorí kodò sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣe fííí bí ẹni tó ń súfèé láàárín eyín. Inú rẹ̀ dùn. Ó mọ̀ pé nínú ọkọ̀ àtijọ́ yìí, kì í ṣe wáyà ló ń gbé ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì á máa fa afẹ́fẹ́ inú rọ́bà náà mu, bí èèyàn ṣe ń fa omi mu, ibi tó bá ti fà ni ilẹ̀kùn á yí sí. Tí rọ́bà bá wá lu púpọ̀, ilẹ̀kùn á dúró gbagidi. Ó tẹ̀lé ìró yẹn títí ó fi rí ibi tí ọ̀kan ti sán, ó fi téèpù wé e, súfèé sì dákẹ́.

"Mo ti rí i!" ó kígbe sí ẹ̀yìnkùlé.

"Kí lo rí?" ni Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn láàárín ọṣẹ.

Ó fa ọ̀pá sí òsì, ó gbọ́wọ́ sí afẹ́fẹ́. Ó tutù. Ó fà á sí ọ̀tún. Ó ṣì tutù díẹ̀. Inú rẹ̀ bà jẹ́. Kò rí nǹkan kan. Rọ́bà tó sán yẹn, ti ilẹ̀kùn iwájú àti ẹ̀yìn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, kò kan ooru àti òtútù rárá.

Ó jókòó síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń rò ó bí ọjọ́ ṣe máa rí tó bá jẹ́ ẹyin ló ń ṣà láti àárọ̀ dalẹ́, tí ọkọ̀ ẹlòmíì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á kó òròmọdìẹ lọ, tí gbogbo ọ̀nà tó mọ̀ á sì máa wà níbẹ̀ láìsí òun. Ẹ̀rù bà á. Ó gbójú sókè wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Nígbà tó tan án, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Ó ti wá gun àárín báyìí.

Ó lanu sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ò tíì ní ooru nínú! Mẹkáníìkì tan án, ó dán an wò, ó pa á, kí omi tó gbóná. Bó bá fà á síbi tó wù ú, ó gbọ́dọ̀ tutù. Ohun tóun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán nìyẹn.

Ó fa ọ̀pá sí òsì. Ó dúró. Afẹ́fẹ́ tó bá a lọ́wọ́ gbóná. Kò gba ọwọ́ rẹ̀ gbọ́, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i. Ó gbóná fòò. Ó fà á sí ọ̀tún. Láìpẹ́, ó tutù minijọ.

Olóríkunkun bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín kíkan kíkan, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Òun ló yí padà!" ó ní. "Òun ló yí padà, èmi ò yí!"

Ẹ̀gbọ́n jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìfófòó. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé, ó sì mi orí.

"Láti àárọ̀ lo ti ń tọwọ́ bọ nǹkan níbẹ̀. Ta ló mọ ohun tó o yí sódì báyìí?"

"Téèpù nìkan ni mo lò."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

Olóríkunkun wò ó. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn àpótí gbayawu.

"Ẹ wọlé, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọlé síbo?"

"Sínú àpótí. Ẹ jókòó síbi tí òròmọdìẹ máa ń jókòó. Ẹ gba inú gíláàsì máa wo ọwọ́ mi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rí ibi tí mo fà á sí."

"Orí ẹ pé?"

"Tó bá tutù, ẹ fún Onírin ní kọ́kọ́rọ́. Mo máa ṣa ẹyin títí ìyẹ́ á fi hù lára mi."

Èyí dùn mọ́ Ẹ̀gbọ́n nínú. Ó lọ mú àkísà, ó kọ́kọ́ nu ilẹ̀ àpótí náà, ó tẹ́ páálí, kó tó gbé ìdí lé e. Olóríkunkun ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó bọ́ sí ìjókòó awakọ̀, ó darí gbogbo afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ sókè kí Ẹ̀gbọ́n lè rí i nínú gíláàsì, ó fa ọ̀pá náà sí òsì, dé ìparí.

"Òsì nìyí o! Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i!"

Lẹ́yìn náà ni gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò-kò-kò.

"Ṣílẹ̀kùn!"

"Ṣé ó ti tutù?"

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ní ṣílẹ̀kùn!"

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jáde, gèlè ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ti bo ojú rẹ̀, kò sì wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Ó gbóná," ó ní.

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní ó gbóná! Ṣé kí n lọ kéde rẹ̀ ni?"

"Apá ibo ni mo fà á sí?"

Ẹ̀gbọ́n fi gèlè nu ọrùn. "Òsì," ó ní.

Ó yẹ kí ìyẹn tó o, àmọ́ ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn kì í sinmi títí á fi mọ ẹni tó ni ẹ̀sùn. Olóríkunkun mú sukurudiráfà, ó tú àpótí kékeré tó wà níwájú èrò ọkọ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan róbótó kan wà, tó ń gbé ilẹ̀kùn ooru àti òtútù. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wọ inú rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Páànù pẹlẹbẹ kékeré kan rọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí bàbá wọn gé lára agolo, tó sì fi ọ̀dà funfun kọ lẹ́tà sí. Ó fa àkọ́kọ́ sí ìmọ́lẹ̀. O ni. Ó fa ìkejì. O ni.

"O méjì," ó ní. "Ìyẹn ò ṣeé ṣe."

Ẹ̀yin náà mọ irú ọkùnrin tí bàbá wọn jẹ́, tàbí kí n sọ ọ́ fún yín. Ọkùnrin náà kì í kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i. Bó ń kọ ohun tí wọ́n máa rà, ó ń fi àmì sí i. Bó ń kọ orúkọ sára garawa, ó ń fi àmì sí i. "Láìsí àmì," á ní, "tí ìyàwó bá kọ̀wé pé ọkọ òun bà jẹ́, ṣé mẹkáníìkì ni ká pè ni, àbí àwọn àgbà ẹbí?" Ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ò lè kọ O méjì kan náà sára rọ́bà méjì. Ó máa kọ O fún ooru. Ó máa kọ Ò fún òtútù, pẹ̀lú àmì rẹ̀ lórí gbagada.

Olóríkunkun gbé páànù ìkejì sí ojú oòrùn, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Lókè O yẹn, ilà tín-ín-rín kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, tó sọ̀ láti òsì wá sí ọ̀tún.

"Ta ló pa àmì yìí rẹ́?"

Nígbà tó yíjú, Ẹ̀gbọ́n ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí ìfófòó ti gbẹ lórí rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì tú u kalẹ̀," Ẹ̀gbọ́n ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ó kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ó lọ jẹun. Mo wò ó, ó dọ̀tí. Mo bá a fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́."

"Ó dọ̀tí, mo ní! Nǹkan kan wà lórí O yìí, bí ìgbẹ́ eṣinṣin. Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o."

"Ìgbẹ́ eṣinṣin! Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù lẹ bó dànù! Àmì ohùn Bàbá lẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn bó! Mẹkáníìkì dé, ó rí O méjì, ó mú èyí tó wù ú, ó tì í bọ ibi tó wù ú!"

Olóríkunkun yọ rọ́bà méjèèjì, ó fi tòkè sí ìsàlẹ̀, ó fi tìsàlẹ̀ sókè. Ó tan ọkọ̀, ó dúró kí abẹ́rẹ́ gun àárín, ó fa ọ̀pá sí òsì. Ó tutù bí omi àmù. Lẹ́yìn náà ló wá ìṣó, ó gbé páànù náà lé òkúta, ó sì fi ìṣó họ àmì náà sí i jinlẹ̀, kí ọṣẹ ayé gbogbo wá bá a níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Onírin fi dé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó fi ń fa ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló lọ pàdé rẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní, "ọkọ̀ yìí ò kú mọ́." Onírin ní òun ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó sì fa ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lọ.

"Ó ti tán báyìí," Ẹ̀gbọ́n ní. "Mo máa pe Bàbá Olóko. Mo máa ní mẹkáníìkì ló gbé e sódì. Kì í ṣe irọ́, òun ló gbé e sódì."

"Rárá o."

"Rárá kí ni?"

"Ṣé mẹkáníìkì ló pe Bàbá Olóko lórí fóònù? Ṣé òun ló ní àbúrò òun fà á síbi tí kò yẹ? Ẹnu tó sọ ọ́ ló máa gbà á padà, etí tó bá sì yẹ kó gbọ́ ọ ló máa gbọ́ ọ."

"Èmi? Kí n lọ dúró níwájú oníbàárà, lọ́jọ́ orí mi yìí, kí n máa sọ pé mo fi kàn-ìn-kàn-ìn pa òròmọdìẹ?"

"Èmi náà dúró níwájú rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wọlé lọ fọ nǹkan. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ẹyin mìíràn fi pa. Ẹ̀gbọ́n pe Bàbá Olóko pé àwọn fẹ́ kó òmíràn wá dípò tìjọ́sí, lọ́fẹ̀ẹ́. Olóríkunkun dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà nínú fóònù. "Ta ló máa wakọ̀?" ó bèèrè. Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀. "Òun náà ni," ó ní. Bàbá Olóko ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ẹ̀gbọ́n pa fóònù, ó jókòó fún ìgbà pípẹ́, kò sì fọ ohunkóhun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n to àwọn páálí sínú àpótí. Àwọn òròmọdìẹ ń ké nínú rẹ̀ ṣíyẹ́ṣíyẹ́. Bí Olóríkunkun ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn, Ẹ̀gbọ́n di ilẹ̀kùn náà mú. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó mọ́ débi pé ó ń dunni lójú. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó wọ inú àpótí, ó jókòó sáàárín páálí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àga wà níwájú o."

"Tìlẹ̀kùn."

"Ọ̀nà jìn, àbí ẹ ti gbàgbé?"

"Mo ní tìlẹ̀kùn. Kó o sì fà á síbi tó yẹ."

Ó fà á sí òsì, ó wá dá a padà díẹ̀ sí àárín, nítorí òròmọdìẹ ò fẹ́ òtútù àpọ̀jù. Ó wakọ̀ jẹ́jẹ́. Kò kọrin. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti bà jẹ́, ó ń gba inú gíláàsì wẹ̀yìn, orí Ẹ̀gbọ́n sì ń mì níbẹ̀ láàárín àwọn páálí.

Bàbá Olóko ká ọwọ́ sáyà lẹ́nu géètì. "Mo ní kẹ́ ẹ má wá," ó ní. Olóríkunkun ò dá a lóhùn. Ó lọ sẹ́yìn, ó ṣílẹ̀kùn. Ohùn òròmọdìẹ ló kọ́kọ́ tú jáde, ariwo tó tó ti ọjà. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀. Páálí kan ti já lọ́nà, òròmọdìẹ kan dúró léjìká rẹ̀, òmíràn wà lápò rẹ̀, wọ́n sì ti yàgbẹ́ sí aṣọ funfun náà láti òkè délẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò nù ún.

"Bàbá," ó ní, ó sì sọ ọ́ kíkan kí àwọn òṣìṣẹ́ oko lè gbọ́, "ẹ wò ó, ara mi dá, ara tiwọn náà dá. Ibi tí wọ́n jókòó ni mo jókòó. Àwọn tìjọ́sí, èmi ni mo pa wọ́n. Mo fọ ohun tí kò yẹ kí n fọ̀, ọkọ̀ bá yí sódì. Àbúrò mi fà á sí òsì. Ibi tó yẹ kó fà á sí náà nìyẹn. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn."

Bàbá Olóko wo aṣọ, ó wo òròmọdìẹ èjìká, ó sì wo Olóríkunkun. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ ká. "Ọmọ mi," ó ní, "fi ẹ̀yìn wọlé kí wọ́n lè rí ọ̀nà kó wọn."

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, iwájú ni Ẹ̀gbọ́n jókòó sí. Oòrùn ti mú. Àgbà kì í bẹ àbúrò rẹ̀ lójúkojú, ọ̀rọ̀ náà máa ń há lọ́fun ni. Olóríkunkun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì ń dúró dè é síbẹ̀, kò rọ̀ ọ́, kò sì ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí fèrèsé, ó ń wo igi ẹ̀bá ọ̀nà.

"Miáù," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"O gbọ́ mi. Ológbò ti dé. Jáde lábẹ́ tábìlì."

Olóríkunkun darí gbogbo afẹ́fẹ́ wá síwájú, ó fa ọ̀pá ìsàlẹ̀ sí òsì dé ìparí, ó sì tutù sí àwọn méjèèjì lójú.